Ìtọ́wò Olówó: Ọgbọ́n Tí Àwọn Oníwèé Akọni Fi Ń Tajà

Ta ló gbọ́ ọ rí, kí ìyá onígàárì lọ́jà Agége bu ẹ̀kúnwọ́ gààrí fún oníbàárà pé kó tọ́ ọ wò, kó sì tún ní kó sanwó ìtọ́wò? Gbogbo ọjà ni yóò dà bò ó! Àmọ́ ohun tí àwọn oníwèé àwòrán ìlú New York ṣe gan-an nìyẹn, ó sì tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n fi jẹun nídìí ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Marvel, àwọn tó ni Spider-Man, ọkùnrin tó ń gun ògiri bí aláǹtakùn, ló dá ìwé kan sílẹ̀ lọ́dún 1983 tí wọ́n pè ní Marvel Age. Ìtàn kọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ta ọmọdé lólobó: lóṣù tó ń bọ̀, akọni báyìí á pàdé ọ̀tá báyìí, lágbájá ló ń ya á, ẹ wo díẹ̀ níbẹ̀. Ìpolówó pọ́ńbélé! Síbẹ̀ sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ta àkọ́kọ́, nígbà tí ìwé ìtàn gan-an ń lọ ní sẹ́ǹtì 60. Àwọn ọmọ sì ń rà á. Ẹ̀dà 140 ló jáde kó tó kógbá wọlé ní 1994.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin télọ̀, kálẹ́ńdà sítáì tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún yín? Ẹ fowó rà á ni, aṣọ tí ẹ ò tíì rán lẹ sì fi ń han oníbàárà, kó lè gbówó kalẹ̀.

Kí ìwé Marvel yẹn tó dé ni akọni ti wọ Nàìjíríà. Ní 1975, wọ́n gbé ìwé kan wá tó ń jẹ́ Powerman. Èèyàn dúdú ni, ó ń fò lófuurufú, agbára ẹ̀ ò kéré, oró ejò nìkan ló ń dá a lágara. Ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti ń ya á! Òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n ṣì ń wá orúkọ nígbà náà, ló ń gbà á yà lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ará Nàìjíríà má bàa ṣìnà nínú ìtàn. Háà! Àwọn tó ti ń ka Atọ́ka láti 1967, tí wọ́n mọ ojú àwọn òṣèré tíátà nínú fọ́tò bí ẹni mowó, ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ení, èjì, ẹ̀ta! Wọ́n se ọbẹ̀ fún ará Èkó láìbéèrè bóyá wọ́n ń jata. Nígbà tó di 1988, wọ́n tún ìtàn náà tà fún àwọn òyìnbó ní ìlú wọn, wọ́n sì yí orúkọ akọni náà padà sí Powerbolt.

Àwọn ọmọ Èkó wá gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra wọn. Jide Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní 2013. Akọni wọn, Guardian Prime, aláwọ̀ ewé àti funfun ló ń wọ̀, bí àsíá Nàìjíríà. Ìtọ́wò kọ́ ni tiwọn o, odidi àpò gààrí ni wọ́n tú kalẹ̀: wọ́n gbé ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ra fóònù àlòkù ní Computer Village n'Íkẹjà lè kà á látòkèdélẹ̀ lásìkò ìsinmi ọ̀sán ní Oba Akran. Owó wọn ń ti ìpolówó wá, àti àwòrán tí wọ́n ń yà fáwọn ilé iṣẹ́. Nígbà tó di 2021, oníbàárà ńlá yọjú: UCP, tó wà lábẹ́ Universal l'Ámẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn wọn ṣe eré. Ọ̀fẹ́ tó dé etí òkun nìyẹn.

Ibì kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ ti wọ́. Orúkọ Yorùbá ni Ìrètí, ọ̀kan lára àwọn akọni wọn, ń jẹ́, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀. Ìyá tó ń ra dátà fọ́mọ ò lè dá tọ́ ọ wò. Àfi kí ọmọ jókòó tì í nísọ̀, kó máa túmọ̀ fún un lójú ewé kọ̀ọ̀kan, bí oníbàárà bá jẹ́ kí wọ́n ráyè.