Ẹ̀rọ BVAS àti Ẹjọ́ Ìdìbò Ọ̀ṣun

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde láti dìbò yan gómìnà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àjọ INEC kéde pé Sẹ́nétọ̀ Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 403,371. Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC, ẹni tó wà lórí oyè nígbà náà, ní 375,027. Adélékè fi ìbò 28,344 borí. Lójú ará Ọ̀ṣun, ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá. Ní ọdún 2018, àwọn méjèèjì yìí kan náà ló du ipò, ìbò 482 péré ni Oyètọ́lá sì fi borí lẹ́yìn àtúndì ìbò.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ẹjọ́ náà dá lé lórí. BVAS ni wọ́n ń pè é. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín, nítorí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ ló dìbò, àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ló jí ìbò kó.

BVAS kì í dìbò. Ní ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹ̀rọ ni olùdìbò máa ń tẹ̀, inú ẹ̀rọ náà ni ìbò sì ń wọlé sí. Ti Ọ̀ṣun kò rí bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi tẹ ìwé ìdìbò, inú àpótí ni wọ́n jù ú sí, ẹnu èèyàn ni wọ́n sì fi kà á ní gbangba. Iṣẹ́ BVAS ni láti mọ ẹni tó wá dìbò, àti láti ka iye wọn. Ó jọ fóònù tó tóbi díẹ̀. Bí o bá mú káàdì ìdìbò rẹ dé, òṣìṣẹ́ á wá orúkọ rẹ nínú ẹ̀rọ náà. Á ní kí o tẹ ìka rẹ sí i. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìka rẹ (ọwọ́ àgbẹ̀ àti ti aláró kì í sábà rọrùn fún un), á ya ojú rẹ wò. Bí ó bá mọ̀ ọ́, á fi ẹnì kan kún iye àwọn tó ti yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó fún ọ ní ìwé ìdìbò. Nígbà tí ìbò bá parí, BVAS kan náà ni wọ́n fi ń ya àwòrán ìwé èsì ránṣẹ́.

Kí BVAS tó dé, káàdì rídà ni wọ́n ń lò. Ní ìdìbò ọdún 2015, káàdì rídà kọ̀ láti mọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ ní Òtúòkè, ìlú rẹ̀. Bí ó bá lè kọ ìka ààrẹ, ti ta ni kò lè kọ̀? Nígbà tí ẹjọ́ ìdìbò dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ ní káàdì rídà kò sí nínú òfin, kò lè borí ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ẹ̀rọ sínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022. Abala 51 òfin náà sọ pé bí ìbò ibùdó kan bá pọ̀ ju iye èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ lọ, kí ọ̀gá ibùdó náà fagi lé e. Èyí ni wọ́n ń pè ní àpọ̀jù ìbò.

Abala yìí ni Oyètọ́lá gbá mú. Ó gba ìwé lọ́wọ́ INEC, ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo BVAS ń fi iye ránṣẹ́ sí. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ èsì ìdìbò, ìbò pọ̀ ju èèyàn lọ ní ibùdó tó lé ní 700. INEC dáhùn pé ìwé náà kò pé, pé nígbà tí àwọn tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀rọ kan kò tí ì fi gbogbo iye tó wà nínú wọn ránṣẹ́ tán. Wọ́n mú ìwé kejì jáde.

Báwo ni irú èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ibùdó kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní èèyàn 240 ló dìbò níbẹ̀, BVAS sì ka 240. Iye tó ti dé kọ̀ǹpútà ńlá ni 180, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Ẹni tó bá gba ìwé láti inú kọ̀ǹpútà ńlá lọ́jọ́ náà á rí èèyàn 180 àti ìbò 240. Á ní ìbò 60 ti wá láti ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí BVAS fúnra rẹ̀ á rí 240. Ó dà bí ọ̀rọ̀ alájọ. Alájọ máa ń sàmì sí káàdì oníbàárà lójú ẹsẹ̀, ó di alẹ́ kó tó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá nílé. Bí ìjà bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, èwo ni ẹ máa wò nínú méjèèjì?

Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà kọ́kọ́ fara mọ́ Oyètọ́lá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2023, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní òun ló wọlé. Wọn kò gba ìwé kejì tí INEC mú wá, wọ́n ní ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Adájọ́ kẹta kò bá wọn lọ. Ẹ fojú inú wo Ọ̀ṣun lọ́jọ́ yẹn: gómìnà ti búra láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ sì ní kó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú fún Adélékè ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sọ pé ìbò pọ̀jù gbọ́dọ̀ fi BVAS ibùdó kọ̀ọ̀kan hàn, pẹ̀lú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò àti ìwé èsì. Ìwé láti inú kọ̀ǹpútà ńlá kì í ṣe BVAS.

Lójú tiwa, ìdájọ́ ìkẹyìn yìí bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n INEC náà kò ṣe dáadáa. Àjọ tó bá fọwọ́ sí ìwé kan lónìí, tó tún fọwọ́ sí òmíràn tí kò bá a mu lẹ́yìn náà, ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni. Wọn ìbá ti sọ fún ẹni tó wá gba ìwé pé iye náà kò tí ì dé tán.

Ní ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Àwòrán ìwé èsì ti àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kò wọlé lásìkò. Ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn adájọ́ ní pé àwòrán kò wọlé kò tó láti fagi lé ìdìbò.

Fọ́ọ̀mù EC8A ni ìwé èsì tí wọ́n yà ní àwòrán yẹn. Wọ́n ń fún aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì ń lẹ èsì mọ́ ibùdó kí gbogbo èèyàn lè kà á. Nínú fọ́ọ̀mù náà, ẹ wá iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ro ìbò tó dára àti ìbò tó bàjẹ́ nínú àpótí pọ̀, nítorí àwọn tó dì í ti kọjá lọ́dọ̀ BVAS náà. Bí àròpọ̀ yìí bá ju iye àkọ́kọ́ lọ, ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ibùdó náà, kí ẹ sì pe aṣojú ẹgbẹ́ yín kí ó tó kúrò níbẹ̀.