Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Èrò Werner Herzog Lórí Fóònù Alágbèéká

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu ni ó ń sọ̀rọ̀, etí ni ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ti wọ ènìyàn lára tó. Ọmọ tí a kọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ kì í ranjú mọ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í wo ibòmíràn nígbà tí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lóde òní, fóònù alágbèéká ti fẹ́ gba ojú náà mọ́ wa lọ́wọ́. Lára àwọn tí wọ́n ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí ni Werner Herzog, olùdarí sinimá ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Èrò rẹ̀ yẹ ní gbígbé yẹ̀wò, nítorí pé wíwo ohun gbogbo ní àwòfín ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun.

Ìlú Munich ni a bí i sí ní ọdún 1942, ṣùgbọ́n abúlé Sachrang tí ó wà láàárín àwọn òkè Bavaria ni ó gbé dàgbà, nítorí ogun. Ó ti di ọmọ ọdún 11 kí ó tó rí sinimá, ó sì ti di ọmọ ọdún 17 kí ó tó fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí ọdún 1974 ń parí lọ, ó gbọ́ pé Lotte Eisner, àgbà obìnrin tí ó máa ń kọ̀wé lórí sinimá, ń ṣàìsàn gidigidi ní Paris. Herzog kò wọ ọkọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Munich dé Paris fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ òun dé ibẹ̀, ìyá àgbà náà kò ní í kú. Kò sì kú. Ọdún 1983 ni ó tó jáde láyé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀tá ìmọ̀ ẹ̀rọ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, ó gbé sinimá kan jáde tí ó pè ní Lo and Behold, lórí ìbẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà LOGIN ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn ní ọ̀nà jíjìn. Lẹ́tà méjì péré, L àti O, ni ó dé ibẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dákú. Herzog yin ọgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò sì fi ìpalára rẹ̀ pamọ́. Ó ṣe àbẹ̀wò sí ìdílé kan tí ọmọbìnrin wọn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tí àwọn aláìláàánú sì fi àwòrán òkú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Àwa Yorùbá, tí a kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò là á yé wa bí ìwà náà ti burú tó.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 2013, ó ti ṣe sinimá kékeré kan, From One Second to the Next, lórí àwọn awakọ̀ tí ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ìjàǹbá mẹ́rin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sọ ìtàn wọn. Ọmọdébìnrin kan di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn mọ́, ẹ̀rọ ni ó sì ń bá a mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ó kọlu kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó sì pa ènìyàn mẹ́ta nínú ìdílé kan. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kì í ṣe èébú. Síbẹ̀ ó di ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù gan-an ni wọ́n náwó sí sinimá yìí. Herzog ṣàlàyé pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ìpolówó ọjà, pé ńṣe ni ó ń rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe lo ọjà náà ní àlòjù. Ó tún ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ni ìdánìkanwà ọmọ ènìyàn yóò máa pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n orí wọn èyí. Ọkọ̀ tí ó ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 111 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Èyí ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí ó bá wo fóònù fún ìwọ̀n ìgbà yẹn ti di ojú rin gbogbo ọ̀nà náà nìyẹn.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ mìíràn kò ṣeé fi falẹ̀: bóyá aláìsàn ń bẹ nílé, bóyá ọ̀gá ni ó ń pè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àrokò àwọn baba wa. Ẹni tí a fi àrokò rán kì í tú u lójú ọ̀nà. Bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà le tó, ó ní láti dúró títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí a fi rán an sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni awakọ̀ lè yà sí ẹ̀bá títì kí ó tó dáhùn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní Nàìjíríà ka lílo fóònù lórí ìwakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ẹni tí ń pe ènìyàn ní láti kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ń wakọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó dágbére. Èrò ọkọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dákẹ́ fún awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò sí lójú títì.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a sọ fóònù nù. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí a bá ń lo ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a máa ríran pẹ̀lú.