Ìrìn Àjò Sílé Nígbà tí Gíríìn Káàdì Tuntun Kò Tíì Dé

Lára ohun tó máa ń há àwọn ọmọ Yorùbá mọ́ Amẹ́ríkà ni ọjọ́ ìparí tó wà lójú gíríìn káàdì wọn. Òkú ìyá wà ní mọ́ṣúárì ní Ìjẹ̀bú, ìgbéyàwó àbúrò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo, káàdì sì ti parí lóṣù tó kọjá. Ìjọba ti gba owó àti ìwé ìtúnṣe rẹ̀, àmọ́ tuntun kò tíì dé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jókòó sójú kan nítorí ìbẹ̀rù pé bí àwọn bá fi lè jáde, àwọn ò ní rọ́nà padà. Èrò tèmi ni pé ibi tí ìbẹ̀rù yẹn dojú kọ kọ́ ni ewu wà. Ọjọ́ ojú káàdì kì í sábà ba ìpadàbọ̀ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lóde, àti ohun tí kóòtù tàbí ọlọ́pàá ti kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun méjèèjì yìí sì lè ká ẹni tí káàdì rẹ̀ ṣì ku ọdún mẹ́jọ mọ́.

Òfin Amẹ́ríkà ya ẹ̀tọ́ ìgbélùú sọ́tọ̀ kúrò lára káàdì. Ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín títí ìdájọ́ àṣekágbá yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá fi í sílẹ̀, tàbí tó bá di ọmọ onílùú. Ẹ̀rí ni káàdì jẹ́. Wọ́n fi ọdún 10 sí èyí tó wọ́pọ̀ kí àwòrán, ìtẹ̀ka àti ààbò ara rẹ̀ má baà gbó jù. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ya kò tíì pàdánù ilẹ̀. Ẹ wo àwọn àgbà tó ti dé Amẹ́ríkà ṣáájú 1989: ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà kò ní ọjọ́ ìparí kankan, ìjọba sì ṣì ń gbà á. Ní ìlú Ọba náà, ọ̀pọ̀ káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP ló parí lọ́jọ́ 31 oṣù December 2024 nígbà tí ìjọba ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ lọ sórí eVisa. Ẹni tó ti gba àṣẹ láti máa gbébẹ̀ títí kò di àlejò mọ́jú ọjọ́ kejì. Àmọ́ èyí kò sọ pé kí èèyàn fọwọ́ rọ́ títúnṣe sẹ́yìn. Òfin Amẹ́ríkà pọn ọ́n ní dandan fún ẹni tó ti pé ọdún 18 láti máa mú ẹ̀rí ìgbélùú rẹ̀ lọ́wọ́, agbanisíṣẹ́ àti ọkọ̀ òfuurufú sì fẹ́ ohun tí wọ́n lè fojú rí.

Títúnṣe náà kò ṣòro lójú ìwé. Fọ́ọ̀mù I-90 ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì lè fi í ránṣẹ́ láti oṣù 6 ṣáájú kí káàdì tó parí. Láti oṣù April 2024, owó rẹ̀ jẹ́ 415 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti 465 fún ẹni tó bá fi bébà ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni USCIS, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgbélùú, yóò fi rìsíìtì kan ránṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní I-797C. Bébà lásán ló jọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń gbé arìnrìn-àjò. Láti oṣù September 2024, rìsíìtì yìí pẹ̀lú káàdì tó ti parí ń fi oṣù 36 kún ọjọ́ ojú káàdì. Láti ọjọ́ ìparí tó wà lójú káàdì ni wọ́n ti ń ka oṣù náà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Láti oṣù September 2022 títí di ìgbà yẹn, oṣù 24 ni wọ́n ń fi kún un. Ṣáájú 2022, oṣù 12 péré ni. Bí mo ṣe wo bí iye yìí ṣe ń gòkè, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ òun ni ìdádúró ti ń wá, pé kò sì yẹ kí ẹni tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ jìyà rẹ̀. Ẹni tó gba káàdì ọlọ́dún méjì nípasẹ̀ ìgbéyàwó, tó sì fi Fọ́ọ̀mù I-751 ránṣẹ́ lásìkò, ní oṣù 48. Ẹni tó ti kọ̀wé láti di ọmọ onílùú náà ní oṣù 24 lórí rìsíìtì N-400 rẹ̀. Kókó kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí: rìsíìtì nìkan kò tó. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọ nù kò ní ohun tí rìsíìtì yóò fẹ̀yìn tì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kàn sí USCIS fún òǹtẹ̀ ADIT, tí wọ́n ń lù sínú ìwé ìrìnnà, tó sì lè wúlò tó ọdún kan, kó tó kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àtakò tó lágbára jù ni pé òfin lè dára lórí ìwé, kí ọmọ tó wà nídìí káńtà ní Ìkẹjà má mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi í ṣeré. Lójú tèmi, ibi káńtà yẹn ni wàhálà gidi wà, ju iwájú òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní Atlanta lọ. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀ tó ń fi ẹ̀tọ́ èèyàn hàn án, yálà káàdì ti parí tàbí kò parí. Ọjọ́ ojú káàdì nìkan ni ti ìdí káńtà rí. Òfin sì ń bu owó ìtanràn tó ju 3,000 dọ́là lọ lé ilé iṣẹ́ bàálù lórí èrò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé wọ Amẹ́ríkà láìní ìwé tó yẹ. Kò yani lẹ́nu bí wọ́n bá sọ pé rárá lórí ohun tí kò yé wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú pé ẹni tó ní káàdì ọlọ́dún 10 tó ti parí kò nílò ìwé ìwọkọ̀ míì. Ẹ mú rìsíìtì gidi tí wọ́n fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ tẹ ojú ìwé USCIS tó sọ nípa àfikún oṣù náà sórí bébà, kí ẹ sì dé pápákọ̀ ní kùtùkùtù, kí àyè lè wà láti bèèrè ọ̀gá wọn. Bí káàdì bá sọ nù nílé, tàbí tí ọlọ́dún méjì parí láìsí rìsíìtì, Fọ́ọ̀mù I-131A wà fún un: ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà lè fún yín ní ìwé ìwọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní boarding foil. Ó ń ná èèyàn ní owó àti ọjọ́, nítorí náà kí ẹ gba òǹtẹ̀ ADIT kí ẹ tó jáde ló sàn jù.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ náà ní òfin tirẹ̀, kò sì sí dandan kó ka rìsíìtì Amẹ́ríkà sí. Lójú òfin Schengen, ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó nílò físà kí wọ́n tó lè gba inú pápákọ̀ kọjá lásán. Káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà tó ṣì wúlò ló ń yọ èèyàn nínú ìyẹn. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti parí yẹ kó bèèrè kó tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, tàbí kó kúkú wọ bàálù tó ń lọ tààrà láàárín Atlanta àti Èkó, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tí èèyàn lò lóde ni mo fẹ́ kí a dúró lé. Ẹni tó bá lò ju ọjọ́ 180 lọ lóde nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, òfin lè kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ ìwọlé, wọ́n sì lè bi í ní ìbéèrè tí wọn kì í bi olùgbélùú. Bó bá kọjá ọdún kan, káàdì tó ṣì tuntun gan-an kò tó fún ìpadàbọ̀ mọ́. Àyàfi bó bá gba ìwé ìpadàwọlé ọlọ́dún méjì kó tó jáde, tàbí kó lọ tọrọ SB-1, físà olùgbélùú tó ń padà bọ̀, kó sì fi ẹ̀rí hàn pé ohun tó kọjá agbára òun ló dá òun dúró. Ẹ fi ẹni méjì wéra. Ọ̀kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn pẹ̀lú káàdì tó ti parí àti rìsíìtì; ìkejì lo oṣù 14 níbẹ̀ pẹ̀lú káàdì tó dán gbinrin. Ìkejì ló wà nínú ewu. Kódà ẹni tó ń fò wọlé ní gbogbo oṣù márùn-ún kó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì fara hàn kò bọ́, torí òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè bèèrè ibi tí ilé, iṣẹ́ àti owó orí rẹ̀ wà.

Àwọn kan á sọ pé kí èèyàn kúkú dúró de káàdì tuntun, pàápàá ní àkókò tí Amẹ́ríkà ti le báyìí. Ìkéde ààrẹ wọn ní oṣù December 2025 fi Nàìjíríà àti Benin sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù, lẹ́yìn tí ti Togo ti wáyé ní oṣù June. Ṣùgbọ́n ìkéde náà yọ àwọn tó ti ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú sílẹ̀ ní gbangba. Dídúró kò sì kéré lówó: ìsìnkú kì í dúró, àìsàn bàbá kì í dúró, káàdì sì lè pẹ́ ju ọdún kan lọ kó tó dé. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣètò ni ẹni tí yóò máa yẹ lẹ́tà rẹ̀ wò, torí bí USCIS bá pè é fún ìtẹ̀ka tí kò sì yọjú, wọ́n lè da ìwé rẹ̀ nù.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbà pẹ̀lú wọn pé kó dúró: ẹni tí wọ́n ti mú rí tàbí tí kóòtù ti dá lẹ́bi, ìbáà jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ wàhálà nígbà tí èèyàn jókòó sílé, àmọ́ tí òfin máa ń gbé yẹ̀ wò nígbà tó bá ń wọlé padà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí lọ́yà ìwọlé-jáde kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé kóòtù lọ́wọ́. Àwọn yòókù, pàápàá àwọn àgbà tó ń dá rìn, gbọ́dọ̀ mọ ohun kan sí i. Bí òṣìṣẹ́ ẹnubodè bá gbé Fọ́ọ̀mù I-407 síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i, fífi ẹ̀tọ́ ìgbélùú sílẹ̀ tinútinú ni fọ́ọ̀mù náà wà fún. Kò sí ẹni tó lè fi ipá mú yín fọwọ́ sí i, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé iwájú adájọ́ ìwọlé-jáde ni ẹ fẹ́ lọ.