Èkó lómi, Èkó lówó: kí ló dé tí ọkọ̀ òkun ńlá ṣì ń ti Kòríà wá?

Ní Àgbòyí, lẹ́yìn Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́ nílùú Èkó, ọkọ̀ onípákó ni wọ́n ń wọ̀ jáde, òun náà ni wọ́n ń wọ̀ wọlé. Ẹni tó bá ra tòmátò ní ọjà Máílì 12, inú ọkọ̀ ló máa gbé e sí kó tó délé. Bí wọ́n ṣe ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fara sin: gbẹ́nàgbẹ́nà á la pákó, á fi ìṣó kàn án mọ́ eegun ọkọ̀, á ki òwú bọ àárín pákó kan sí èkejì, á wá fi ọ̀dà dí i kí omi má baà ráàyè wọlé. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn kì í ṣe àjèjì létí ọ̀sà wa. Síbẹ̀, tó bá di ti ọkọ̀ irin ńlá, òkèèrè la ti ń rà á. Kí ló fà á?

Egina dé Èkó

Ọdún 2018 ni Nàìjíríà sún mọ́ iṣẹ́ náà jù. Samsung Heavy Industries kan Egina, ọkọ̀ ńlá tó ń fa epo láti abẹ́ òkun tó sì ń tọ́jú rẹ̀, ní Geoje, ní Gúúsù Kòríà, fún ilé iṣẹ́ epo Total. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 330, ìyẹn nǹkan bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ó sì lè gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3. Oṣù Kẹwàá 2017 ló kúrò lọ́hùn-ún. Oṣù Kìíní 2018 ló gúnlẹ̀ sí ibùdó LADOL, nítòsí Tarkwa Bay. Nínú ilé ẹ̀rọ 18 tó wà lórí rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe mẹ́fà. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, epo ti ń jáde.

Iṣẹ́ náà fi hàn pé ọwọ́ wa gbà á. Àmọ́ kò sí irú rẹ̀ mìíràn tó tẹ̀lé e.

Kí ni ibùdó ìkankọ̀ nílò?

Àkọ́kọ́ ni omi jíjìn. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ kò jìn ju nǹkan bíi mítà méjì lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ọkọ̀ tó bá fẹ́ ti òkun wá sí Kòṣọ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ àwọn afárá tó so Erékùṣù Èkó mọ́ òkè odò, ọkọ̀ òkun ńlá kò sì lè gba abẹ́ wọn kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn ibùdó ńlá fi wà lẹ́bàá ẹnu òkun: Nigerdock ní Snake Island, LADOL, àti ibùdó Ọmọ Ogun Ojú Omi ní Victoria Island.

Èkejì ni dọ́ọ̀kì. Dọ́ọ̀kì tó ń léfòó jẹ́ àpótí irin ràgàjì tí inú rẹ̀ ṣófo, tó ní ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n á jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀ títí yóò fi rì dé ìwọ̀n, ọkọ̀ á wọ àárín ògiri méjèèjì, wọ́n á wá fa omi náà dà nù. Bí dọ́ọ̀kì ṣe ń léfòó padà ló ń gbé ọkọ̀ sókè, tí abẹ́ ọkọ̀ á gbẹ, tí òṣìṣẹ́ á lè ha ìpẹtà, kó jórin, kó sì fi ọ̀dà kùn ún. NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ọkọ̀ ojú omi, ra irú rẹ̀ kan lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Damen ti Netherlands, mítà 125 ní gígùn. Ó dé Èkó ní 2018, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lójú kan láìṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni irin pẹlẹbẹ, tí ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta kò tíì fún wa. Ẹ̀kẹrin ni òṣìṣẹ́, èyí kò sì wọ́n wa: Ọmọ Ogun Ojú Omi ti kan ọkọ̀ ogun Andoni, wọ́n kan Karaduwa, wọ́n tún kan Oji, tí wọ́n kó wọṣẹ́ ní 2012, 2016 àti 2021. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Jórinjórin tó bá dúró de iṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, yóò ti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ gba ibòmíràn.

Oníbàárà ló ń ṣáájú

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Hyundai bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó ìkankọ̀ rẹ̀ sí Ulsan, ní Kòríà, ní 1972, ọlọ́kọ̀ ará Gíríìsì kan, George Livanos, ti bá wọn dúnàádúrà ọkọ̀ epo ńlá méjì ná. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ibùdó ni wọ́n ń kan ọkọ̀. Lónìí, Ṣáínà, Kòríà àti Japan ló ń kan èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ òkun àgbáyé, tí a bá fi ìtóbi wọn wọ̀n ọ́n.

Òfin Cabotage ti 2003 fẹ́ fún àwọn akànkọ̀ wa ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó bá ń ná èbúté kan sí òmíràn nínú Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn níbí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gba mínísítà láàyè láti yọ̀ǹda fún ọkọ̀ òkèèrè tí kò bá sí irú rẹ̀ nílé, ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń gbà wọlé.

Níbo ni Kòṣọ́fẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ní Oṣù Kẹwàá 2025, ìjọba Èkó ṣí ètò ìrìnnà ojú omi tó ń jẹ́ Omi Èkó pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti Yúróòpù: ọ̀nà omi 15, àti ọkọ̀ èrò oníná tó lé ní 75. Irú ọkọ̀ yìí kò nílò dọ́ọ̀kì ńlá tàbí omi jíjìn. Ọ̀sà tí afárá dí mọ́ ọkọ̀ òkun, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti máa ná. Kò sí ẹni tó lè fi Egina kọ́ ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò 75 lè gbọ́ bùkátà ilé iṣẹ́ kékeré fún ọdún púpọ̀, kí ọwọ́ àwọn jórinjórin má sì dilẹ̀. Ìjọba tó bá ní kí wọ́n kan ìdajì wọn sílé ti fi ìpìlẹ̀ ibùdó ìkankọ̀ lélẹ̀ kó tó da kọnkéré kankan.