Ìtànṣán Àbí Abẹ fún Ojú Tó Ń Yọ Ṣóńṣó

Láti Sàngó dé Àtàn-Ọ̀tà, eruku kì í wọ́n: ti ọkọ̀ àjàgbé wà lójú ọ̀nà Ìdírókò, ti inú ilé-iṣẹ́ tún wà. Ẹni tí ojú ń yún láti kékeré kì í lè mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀, fífọwọ́ ra ojú léraléra sì wà lára ohun tó ń ti àrùn keratoconus síwájú. Àrùn yìí ló ń sọ awọ mímọ́ gaara iwájú ẹyinjú, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yóò fi yọ ṣóńṣó síta. Èèyàn á máa pààrọ̀ gíláàsì, síbẹ̀ iná ọkọ̀ á máa di méjì mẹ́ta lójú rẹ̀ lálẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà lórí ìwọ̀n. Èyí àbúrò ni cross-linking, tí àwọn oníṣègùn Dresden ní Jámánì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 2016. Èyí ẹ̀gbọ́n ni pípààrọ̀ awọ náà: ní 1905 ni Eduard Zirm ṣe é ní ìlú Olomouc fún òṣìṣẹ́ kan tí ẹfun ìkọ́lé jó lójú, ọkùnrin náà sì padà ríran.

Nínú cross-linking, wọ́n á họ òkè awọ náà, wọ́n á kán fítámì B2 sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á sì tan ìtànṣán ultraviolet sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn kó lè le. Ọjọ́ náà gan-an ni aláìsàn ń lọ sílé. Àmọ́ kì í dá ìríran tó ti lọ padà. Ńṣe ló ń dá àrùn dúró. Bí awọ bá sì ti fẹ́lẹ́ ju 0.4 mìlímítà lọ, ìtànṣán lè ṣe inú ojú léṣe.

Abẹ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ awọ lè dá ìríran padà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ kan. Awọ òkú ni wọ́n ń rán mọ́ ojú, ìdílé tó máa gbà kí wọ́n yọ ti òkú wọn kò sì pọ̀. Okùn tí wọ́n fi rán an lè wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ, ara lè kọ̀ ọ́, bí nǹkan bá sì gbá ojú náà nídìí ẹ̀rọ, ojú rírán lè ya. Bí ojú náà bá pọ́n, tó ń dunni tàbí tó ṣú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kéèyàn sáré padà sọ́dọ̀ dókítà.

Lésà ńkọ́? LASIK tí wọ́n fi ń bọ́ gíláàsì ń gé awọ náà kù ni. Ojú tó ti fẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀. Lára lésà tó wúlò níbí ni èyí tó ń la ọ̀nà fún òrùka ike tó ń tẹ ṣóńṣó náà sílẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí àrùn rẹ̀ ṣì ń rìn, ìtànṣán ni tirẹ̀. Ẹni tí àpá ti bo awọ rẹ̀, abẹ ló kù. Ẹni tí tirẹ̀ ti dúró, tó sì ń ríran pẹ̀lú lẹ́ǹsì líle, kò nílò èyíkéyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ilé-iṣẹ́ kò bá lẹ́ǹsì rẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: owó àkọ́kọ́ yẹ kó lọ sórí àwòrán tó ń wọn awọ ojú náà, kí wọ́n sì tún un yà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìyàtọ̀ àárín àwòrán méjèèjì ló ń sọ bóyá àrùn ṣì ń rìn, bí awọ náà sì ṣe nípọn tó ló ń sọ bóyá àyè ìtànṣán ṣì wà.