Bí A Bá Bá Olówó Rìn Dé Lomé, Kí Owó Ọjà Wa Padà Wálé

   

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kan àwa tá a máa ń gba bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ ra ọjà ní Kútọnu àti ní Lomé, pàápàá àwa alájàpá tí owó wa ò tíì pọ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ lọ, wọ́n á kìlọ̀ olè fún un, wọ́n á kìlọ̀ àwọn oníṣẹ́ńjì fún un, wọ́n á ní kó ṣọ́ra fún àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń jẹ owó alájàpá kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un: ìyẹn ni bíbá ẹni tó lówó jù ú lọ náwó nírìn-àjò.

Nílé, oníkálùkù mọ ipò rẹ̀. Màdáàmù wà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá rẹ̀, ìwọ náà wà nídìí tábìlì rẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé ojú ọ̀nà, mọ́tò kan náà lẹ jọ wọ̀, ìlà kan náà lẹ jọ tò sí ní bọ́dà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń tà fún yín. Ojú á wá di ojúgbà. Màdáàmù á ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ sùn síbí," ojú á ti ìwọ láti sọ pé o ò lè sùn síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

KÁ KỌ́KỌ́ MỌ Ẹ̀TỌ́ WA

Láti Èkó dé Lomé kò pé 300 kìlómítà. Èèyàn á gba Badagry dé Sẹ̀mẹ̀, á wọ Kútọnu, á kọjá Ouidah àti Grand-Popo, á dé bọ́dà kejì ní Hilla-Condji, lẹ́yìn náà Aného, ó di Lomé. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè méjì lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ni àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Mali, Burkina Faso àti Niger jáde nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n wọn ò sí lójú ọ̀nà tiwa yìí.

Pé wọn ò béèrè físà kò ní kéèyàn máa lọ lọ́wọ́ òfo o. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tì tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS dání. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ ń jáde àti nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé. Ẹ mú káàdì yẹ́lò náà dání, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Láti ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé ti fi sí òfin pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tiyín ti pé ọdún mẹ́wàá, pé ó ti kú, irọ́ ni. Olówó lè fi owó dí àìníwèé lójú ọ̀nà, ara ò ní ta á. Àwa tá a mú ìwọ̀nba dání, ìwé wa ni owó wa.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀tọ́ èèyàn láti kọjá yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ẹrù. Ọjà tí wọ́n ṣe nínú àwọn ilẹ̀ ECOWAS, tí ìwé rẹ̀ pé, lè wọlé láìsan owó ibodè. Aṣọ tó ti Holland tàbí Ṣáínà wá, tó kàn gba Lomé kọjá, kò sí nínú ìyẹn. Ọjà mìíràn sì wà tí òfin ò gbà kó gba bọ́dà ilẹ̀ wọlé rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó ra, ẹ má dúró dìgbà tí ẹrù bá wà nílẹ̀.

Ní ti owó, sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ tún ṣẹ́ owó ní Hilla-Condji fẹ́ jẹ èrè lórí yín ni. Owó yúrò ni wọ́n so sẹ́fà mọ́: yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yí. Náírà tiwa ló ń lọ tó ń bọ̀. Nítorí náà, tí sẹ́fà bá ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó tún padà lọ láìpẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ́ ẹ sí náírà, tó tún ṣẹ́ ẹ padà, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi èrè sílẹ̀ fún oníṣẹ́ńjì.

ÒTẸ́Ẹ̀LÌ KAN NÁÀ, ÌNÁWÓ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣírò owó díẹ̀. Ká ní ìwọ gbé ₦600,000 dání. O wọ mọ́tò èrò, ẹ̀yin mẹ́ta pín yàrá kan, ẹ jẹun lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọjà. Gbogbo ìnáwó rẹ jẹ́ ₦60,000. Ọjà ₦540,000 lo rà. Tó o bá jèrè náírà ogún lórí ọgọ́rùn-ún, èrè rẹ jẹ́ ₦108,000. Yọ ìnáwó kúrò, ó ku ₦48,000. Ayé dùn.

Ká ní o wá tẹ̀ lé Màdáàmù. O sùn sí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, o jẹ irú oúnjẹ tó jẹ, ẹ jọ háyà táksí. Ìnáwó rẹ di ₦130,000. Ọjà ₦470,000 ló kù tó o lè rà. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦94,000. Yọ ìnáwó, o ti wọ gbèsè ₦36,000. Kò sẹ́ni tó jà ọ́ lólè o, ọjà rẹ sì tà dáadáa.

Ṣé Màdáàmù ló wá jẹ́ onínàákúnàá? Rárá o. ₦6,000,000 ló gbé dání. Òun náà ná ₦130,000 yẹn, ó ra ọjà ₦5,870,000. Èrè rẹ̀ lórí ìwọ̀n kan náà jẹ́ ₦1,174,000. Yọ ìnáwó, ó ku ₦1,044,000 fún un. Òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ ìwọ run kò tó ohun tí òun ń rántí. Bóyá ó tiẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí owó tó gbé dání ju ohun téèyàn ń gbé sùn ní yàrá elérò púpọ̀ lọ.

Ohun táwọn àgbà wí nìyí: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe pé eku kékeré kéré níyì. Ìtẹ́ ńlá ni kò ní lè kún.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí owó ta ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa, owó àjọ la gbé, tàbí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹni méjì dúró fún wa lé lórí. Tí owó náà bá dín, orúkọ àwọn tó dúró fún wa náà dín nìyẹn, owó ilé-ìwé ọmọ ò sì ní dúró dè wá.

OHUN TÁ A LÈ KỌ́ LỌ́WỌ́ OLÓWÓ

A ò sọ pé kẹ́ ẹ sá fún olówó o. Èèyàn tó bá sá fún wọn pàdánù nǹkan ńlá. Ìtàn Lomé fúnra rẹ̀ fi hàn.

Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz. Ìyá ọlọ́jà ni wọ́n, aṣọ wax ni wọ́n ń tà, èyí tó ń ti Holland wá. Owó wọn pọ̀ débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nígbà kan rí, ìjọba Tógò máa ń yá ọkọ̀ wọn lò tí àlejò pàtàkì bá dé.

Kí ló sọ wọ́n di olówó? Kì í ṣe ọkọ̀ náà. Wọ́n mọ ohun tí oníbàárà fẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó aṣọ náà wá gbà pé ìyá kan pàtó nìkan ni yóò máa ta irú àwòrán kan. Àwọn ìyá yìí á fún aṣọ lórúkọ tó dùn lẹ́tí, àwọn èèyàn á sì máa fi orúkọ yẹn béèrè rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n já owó sẹ́fà wálẹ̀ sí ìdajì. Fáráǹkì ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀ di 100. Ọjà òkè òkun wá di ọ̀wọ́n lójijì. Lẹ́yìn náà, aṣọ Ṣáínà olówó pọ́ọ́kú dé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, iná jó ọjà ńlá Lomé. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn rọ̀. Àwọn tí kò lówó tó wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nanettes, ló dìde, tí wọ́n lọ sí Ṣáínà fúnra wọn lọ ra aṣọ. Mercedes lè lọ. Ìmọ̀ ọjà ni kì í lọ.

Ìmọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ olówó tẹ́ ẹ bá pàdé, kì í ṣe yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ jọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lè dáhùn báyìí: "Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti ní ibi tí mò ń wọ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó lẹ ó jáde lọ́la, kí n wá bá yín lójú ọjà?" Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Olówó tó mọ ọjà á tún bọ̀wọ̀ fún yín ni.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè nìyí:

Oníṣẹ́ńjì wo ló ń lò, tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́? Ọ̀dọ̀ ta ló ti ń ra ọjà? Báwo ló ṣe ń mọ ojúlówó aṣọ yàtọ̀ sí ayédèrú? Mọ́tò wo ló ń kó ẹrù rẹ̀ wálé?

Ẹ tún bẹ̀ ẹ́ pé kẹ́ ẹ bá a rà pọ̀. Wax kan jẹ́ yáàdì 12, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ yáàdì 6. Ẹni tó bá ń ra ẹyọ méjì-mẹ́ta, iye tí wọ́n á dá lé e yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń kó odidi ìdì. Tí Màdáàmù bá fẹ́ ra ìdì mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ díẹ̀ fún yín níye tó rà á, kẹ́ ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé e, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jèrè. Ẹ sanwó lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ìwé.

Ẹ má sì fojú kéré ara yín. Òun mọ iye ìdì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta á ní yáàdì-yáàdì lẹ mọ àwọ̀ tí àwọn èèyàn ń béèrè ní abúlé àti ní àdúgbò. Ó nílò ìmọ̀ yín bí ẹ̀yin náà ṣe nílò tirẹ̀.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ GBÀ

Èkíní, ẹ má yá owó lójú ọ̀nà nítorí ọjà tó wu ojú. "Gbà á, a ó ṣe é tá a bá délé" dùn létí, ṣùgbọ́n ojú owó tí wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀ nílé lè má jẹ́ ti ọjọ́ tẹ́ ẹ yá a.

Èkejì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ ò tú wò, bó ti wù kó lówó tó, bó ti wù kó ṣe yín lóore tó. Àwọn NDLEA wà ní Sẹ̀mẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa mú. Ẹ sọ pé, "Ẹ dákun mà, èyí tí mo gbé gan-an ti tó mi."

Ẹ̀kẹta, ẹ má torí pé olówó kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ọjà kan kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba wa ti bọ́dà ilẹ̀ pa, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lè dúró dè é. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Ẹ̀YIN ÌYÁ WA TÍ OLÚWA TI GBÉ GA

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin náà, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Tí ọmọ ọjà bá bá yín rìn, ẹ má fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ má ní kó san owó tí ẹ mọ̀ pé agbára rẹ̀ ò ká. Tó bá ní òun fẹ́ sùn síbòmíràn, ẹ jẹ́ kó lọ láìbínú. Ẹ fi oníṣẹ́ńjì yín hàn án, ẹ fi ọ̀nà hàn án. Ẹni tẹ́ ẹ kọ́ lónìí ni yóò máa ra ìdì lọ́wọ́ yín lọ́la.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wá ẹni méjì tí owó yín jọ dọ́gba kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ pín yàrá, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ẹrù ara yín. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná sínú ìwé láti ilé, kẹ́ ẹ sì dúró lé e.

Àlọ á re, àbọ̀ á re. Ọjà á tà o.