Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé tó ń wọ́ bí ìgbín: Kí ló ń fà á l'Ókè-Ìléwó?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú l'Ókè-Ìléwó, l'Ábẹ́òkúta, tí àwọn bàǹkì ti tilẹ̀kùn, tí oníkálukú ti wọlé lọ, ìgbà yẹn gan-an ni íńtánẹ́ẹ̀tì inú ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Bàbá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ tó wà ní London lójú fóònù, ojú ọmọ dúró gbagidi bí ère. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ kí aago méjìlá òru tó lù, ẹ̀rọ ń yí bí òkòtó, kò lọ, kò bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ilé kejì, wọ́n lè máa wo fíìmù wọn láìsí ìdíwọ́, ilé-iṣẹ́ kan náà sì ni ilé méjèèjì sanwó fún. Irú èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe jìbìtì. Ọ̀nà tó jìn ló ń dá a sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ l'Ábẹ́òkúta kò ní gbàgbé 039, nọ́ńbà tó máa ń ṣáájú tẹlifóònù ìlú náà nígbà ayé NITEL, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1985. Gbajúmọ̀ lẹni tó bá ní tẹlifóònù nílé nígbà náà. Títí di 2001, nǹkan bí 400,000 wáyà tẹlifóònù péré ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tí èrò ibẹ̀ ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Wáyà kọ́pà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ló máa ń ti ibùdó tẹlifóònù wá sínú ilé. Irú wáyà yìí kan náà ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní DSL.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí òde ìnáwó tí wọ́n ń ṣe lóru ní àdúgbò kejì. Ẹni tó sùn sílé á máa gbọ́ ìlù ńlá, gbì, gbì, gbì, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ṣẹ́kẹ́rẹ́ àti ṣaworo àfi bó bá súnmọ́ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà kọ́pà ṣe ń ṣe. Ìró tó wà nísàlẹ̀ ni tẹlifóònù ń lò, kò ju ìgbà 4,000 tí iná ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. DSL ń lo èyí tó ròkè dé mílíọ̀nù kan, irú rẹ̀ tó dé lẹ́yìn, ADSL2+, sì ń lò ó dé bíi mílíọ̀nù méjì. Ìró òkè yìí ló ń gbé ẹrù tó pọ̀, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kú sójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ilé tí wáyà rẹ̀ kò ju kìlómítà kan lọ sí ibùdó lè rí nǹkan bí 20 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ADSL2+. Bó bá di kìlómítà mẹ́ta, ìdajì rẹ̀ lè má kù mọ́. Bó bá di márùn-ún, méjì tàbí ẹyọ kan ló kù, àwọn mìíràn kò sì ní rí nǹkan kan. Ohun tó wá ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé bí wọ́n bá gbé tẹlifóònù kan náà, ohùn á mọ́ kedere. Wáyà kì í sì í gba orí òrùlé fò bí ẹyẹ, títì ló ń tọ̀. Ẹni tó ń wo ibùdó tẹlifóònù láti ojú fèrèsé rẹ̀ lè ní wáyà tó ti yí àdúgbò ká kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Britain, tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ìyà yìí jẹ àwọn ará oko dáadáa. Fáíbà ni wọ́n wá ń fi rọ́pò kọ́pà, January 2027 sì ni wọ́n fi ṣe gbèdéke láti pa ètò tẹlifóònù àtijọ́ ti.

Nàìjíríà kò dúró de wáyà. GSM dé ní August 2001, NITEL sì ń rọ. Ìjọba tà á fún Transcorp ní 2006, wọ́n gbà á padà ní 2009, NATCOM ló rà á níkẹyìn. Nígbà tí ntel, ilé-iṣẹ́ tó jáde látinú rẹ̀, ṣí ní 2016, 4G tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ló gbé dé. Ọ̀pọ̀ ilé l'Ábẹ́òkúta fò láti orí àìní tẹlifóònù sórí fóònù alágbèéká.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn kò kúrò níbẹ̀, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Òpó tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì ló wá di ibùdó báyìí. Ní gbangba, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló máa kù. Láàárín ilé, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́òkúta sì rèé, ìlú òkè àti àpáta. Olúmọ tó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá ní nǹkan bí 1830 kì í ṣe ọ̀rẹ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì rárá. Ilé tó wà ní kòtò, lẹ́yìn àpáta, tí wọ́n fi páànù bò, lè súnmọ́ òpó kó má sì rí nǹkan kan gbà.

Èrò náà tún ń fà á, nítorí gbogbo àdúgbò ló jọ ń pín ohun tí òpó kan gbé wá. Ọ̀nà tí èèyàn fi lè mọ èyí tó ń ṣe òun kò le. Bó bá ń yára ní aago mẹ́rin ìdájí, tó sì ń wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, èrò ló pọ̀. Bí kò bá yára nígbà kankan nínú yàrá, àmọ́ tó jí bí wọ́n bá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà jíjìn tàbí ògiri ni. Ẹ gbé modẹ́mù lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

Owó ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dunni. Ní January 2025, àjọ NCC fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Dátà tí èèyàn rà, tí kò rí lò nítorí pé kò wọlé, lè kú lọ́jọ́ tí gbèdéke rẹ̀ bá pé.

Fáíbà ni kò ka ọ̀nà jíjìn sí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rìn nínú rẹ̀, ó sì lè rìn tó 20 kìlómítà láti ibùdó dé ilé láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ibi tí owó wà ló máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn tó ń gbẹ́ títì sì ń gé e. Ètò ìjọba àpapọ̀ láti 2020 sí 2025 ṣèlérí 25 mẹ́gábíìtì fún àwọn ìlú ńlá, kí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sì ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára. Nígbà tí 2024 parí, iye náà kò tíì tó ìdajì.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó fún tuntun l'Ókè-Ìléwó, kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá fáíbà ti dé òpópónà rẹ̀, kó yá modẹ́mù aládùúgbò wò nínú yàrá tirẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó ti sanwó, tó fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tí wọn kò dá a lóhùn, lè pe NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà.